Bí Mo Ṣe Lọ Wádìí Àna ní Dublin, Tí Wọ́n Fi Ìtàn Bọ́ọ̀lù Dá Mi Lóhùn

Ìbalẹ̀

Aago mẹ́fà àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo jáde ní pápákọ̀ òfuurufú Dublin. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀: èmi, Fọlákẹ́ ọmọ mi, àti ọkùnrin Òyìnbó kan tó gba àpò lọ́wọ́ mi kí n tó mọ ẹni tí í ṣe. Mo rò pé alábàárù ni. Mo ti ń wá owó kékeré tí n ó fún un nígbà tí Fọlákẹ́ ní, "Bàbá mi, Ramón nìyí."

Mo wò ó. Ó ga, ó tín-ín-rín, irùngbọ̀n rẹ̀ hù níbì kan, kò hù níbòmíràn. Ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, Baba," bí ẹni tó ti ń há a sórí láti àná. Mo ní, "O ṣé."

Ẹ̀yin ará ilé, ìgbafẹ́ kọ́ ni mo bá lọ. Fọlákẹ́ ló pè mí lórí fóònù pé òun ti rí ẹni tí òun fẹ́ fẹ́, ọmọ ilẹ̀ Spain, tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ ní Citywest, níbi tí wọ́n ti ń dá àwọn tí kọ̀ǹpútà wọn bàjẹ́ lóhùn láti àárọ̀ dalẹ́. Mo sọ fún un pé a kì í fọmọ fún ẹni tí a kò mọ ilé rẹ̀. Ó ní, "Ẹ wá wò ó fúnra yín nígbà náà. Tí ẹ bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, mo ṣèlérí, mi ò ní fẹ́ ẹ." Òun nìkan ni mo bí. Mo wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Ìwádìí kì í ṣe iṣẹ́ ọkùnrin. Ìyá rẹ̀ ni ì bá ṣe é. Ì bá lọ sí àdúgbò ọkọ, kí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ aláṣọ tàbí onírun kan, kí ó ra ohun tí kò fẹ́, kí ó tó dìde yóò ti mọ ẹni tó jalè nínú ìdílé náà, ẹni tó ya wèrè, àti obìnrin tó kó ẹrù rẹ̀ jáde tí kò padà mọ́. Ṣùgbọ́n ó ti kú. Èmi ló kù, èmi tí kò mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Mo ti ju ọmọ ogún ọdún lọ kí n tó jókòó sí kíláàsì, lẹ́yìn èyí ni mo wọ iṣẹ́ yíyẹ kòkó wò fún ìjọba. Bí a bá la kòkó, inú rẹ̀ yóò hàn. Ènìyàn kò ṣeé là.

Ìlú tí ń kọ́lé

Ballymun ni Fọlákẹ́ ń gbé. Wọ́n ń wó àwọn ilé gogoro ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kọ́ kéékèèké rọ́pò wọn. Ibi yòówù kí ènìyàn kọjú sí, ẹ̀rọ ìgbẹ́rù gíga ló dúró lójú ọ̀run bí igún tí ń retí òkú. Wọ́n ní owó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú ni. Mo gbà á gbọ́, nítorí ẹni tí owó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọwọ́ rẹ̀ kì í ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu. Nínú bọ́ọ̀sì, nínú ṣọ́ọ̀bù, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, iye tí ilé wọn tó ni wọ́n ń sọ. Ọkùnrin kan tí n kò rí rí sọ fún mi ní ibùdókọ̀ pé ilé òun gbówó lórí lóru nígbà tí òun ń sùn. Mo bi í bóyá yóò tà á. Ó ní, rárá o, níbo ni òun yóò wá máa gbé? Mo ní, "Hẹn-ẹn." Inú rẹ̀ dùn, ó rò pé mo yìn ín.

N kò ní purọ́ mọ́ wọn, wọ́n ní ọ̀yàyà. Wọ́n máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni pé wọn kò sanwó. Bí o bá tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn ni yóò bẹ̀ ọ́. Wọ́n á bi ọ́ pé ara ń kọ́, ṣùgbọ́n wọn kò ní dúró gbọ́ èsì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí obìnrin kan bi mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti orúnkún mi fún un. Kí n tó débi tí ó ti ń dùn mí, ó ti sọdá títì.

Oúnjẹ wọn, ọ̀dùnkún ni. Ramón gbé wa lọ sí Rush létí òkun, níbi tí wọ́n ti ń gbin ewébẹ̀, pé kí n wá rí bí wọ́n ṣe ń jẹun. Wọ́n gbé àwo kan síwájú mi: ọ̀dùnkún sísè, ọ̀dùnkún gígún, ọ̀dùnkún díndín. Ẹran jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí àlejò tí a kò pè. Mo bèèrè ata. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ rẹ́rìn-ín sí mi, ó lọ, ó mú ìyẹ̀fun dúdú kan wá tí kò lè mú eṣinṣin sín. Ramón ti àwo tirẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní ní ìlú tàwọn, obìnrin tó bá se irú èyí yóò padà sílé bàbá rẹ̀.

Fọlákẹ́ ní, "Obìnrin nìkan ló ń se oúnjẹ ní ìlú yín?"

Ramón ní, "Ọkùnrin náà. Òun náà á padà sílé bàbá rẹ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. N kò jẹ́ kó hàn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀

Ní ilé tó kángun sí ti Fọlákẹ́ ni Ìyá Kamorú wà, obìnrin Ìwó kan tó sá wá tọrọ ààbò lọ́wọ́ ìjọba wọn nígbà kan, tó wá ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná ọsibítù nísinsìnyí. Kò sí ojúlé tí ẹnu rẹ̀ kò lè ṣí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sìn mí lọ sí àdúgbò tí Ramón háyà ilé sí, nítòsí Citywest, kí á lọ wádìí lọ́dọ̀ àwọn tó bá a gbé.

Ó pàtẹ́wọ́. "Ìwádìí kẹ̀, Bàbá Fọlákẹ́? Ní Dublin? Wọ́n á ní gárdà ni wá. Ọlọ́pàá wọn nìyẹn o. Bí wọn ò bá ní gárdà ni wá, wọ́n á ní a wá wàásù."

"Ẹ ṣáà bá mi lọ."

"Mo ti gbọ́. Ẹ wọ bàtà tó ṣeé sá eré o."

Ojúlé kìíní, bàbá arúgbó kan pẹ̀lú ajá. Ìyá Kamorú bi í pé irú èèyàn wo ni ọ̀dọ́kùnrin tí ń gbé ilé tó kángun sí tirẹ̀. Bàbá náà ní, "Ah, he's grand." Ìyẹn ni pé ó dára. Mo ní kó bi í pé kí ló dára lára rẹ̀. Bàbá náà ronú. Ó ní, "Sure, he's grand."

Ojúlé kejì, obìnrin kan tí ọ̀dà funfun wà nírun rẹ̀ sọ pé ọmọ Ítálì náà dára gan-an ni. Ojúlé kẹta, wọ́n ní ará Brazil ni, ó dára. Ojúlé kẹrin, ọkùnrin ibẹ̀ kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń gbé ilé náà, síbẹ̀ ó ní ó dára. Gbogbo wọn ló bèèrè bóyá a ó mu tíì. Ọdún mẹ́ta ni ọmọ náà ti ń gbé láàárín wọn. Bí mo bá kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sára àpò kòkó, wọn ì bá lé mi lẹ́nu iṣẹ́ kí oòrùn tó wọ̀.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, Ìyá Kamorú ní, "Mo sọ fún yín àbí mi ò sọ? Obìnrin tí ògiri wa kan ara wọn, ó ń pè mí ní Fàtímà. Mo ní, màdáámù, Rísíkátù ni mí. Ó ní, 'Grand.' Lọ́jọ́ kejì, 'Morning, Fatima!'"

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo jẹ́ ẹ. Ṣé n ó pa á ni?"

Mo sọ fún Fọlákẹ́ lọ́jọ́ náà pé ìwádìí mi ti forí ṣánpọ́n. Kí Ramón lọ pe àwọn òbí rẹ̀ wá. N ó bi wọ́n lójúkojú.

Ìtàn ilé wọn

Wọ́n dé ní ọjọ́ Sátidé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, àwa márùn-ún jókòó sí yàrá ìgbàlejò Fọlákẹ́. Bàbá Ramón sanra, ohùn rẹ̀ ń lu ògiri, ó sì so ìborùn onírun aláwọ̀ ìyeyè àti dúdú mọ́ ọrùn nínú ilé tí ẹ̀rọ ń mú gbóná. Ìyá Ramón kéré. Ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan bí ẹni tó fẹ́ dìde nígbàkúgbà. Ramón ló ń tú èdè wọn sí Gẹ̀ẹ́sì. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti sáré jù, Fọlákẹ́ á gbà á kalẹ̀ ní Yorùbá fún mi.

Mo kí wọn dáadáa. Mo ní, "Ní ilẹ̀ wa, kí á tó dọ̀kan, a máa ń gbọ́ ìtàn ilé ara wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ti yín."

Ojú bàbá náà mọ́lẹ̀. Ó nu ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀. Ó ní bàbá òun àti àwọn òṣìṣẹ́ ibi tí wọ́n ti ń sun bíríkì ló dá a sílẹ̀. Ó ní igi òrùlé ilé kan tó wó ni wọ́n fi ṣe òpó góòlù.

Mo wo Fọlákẹ́. "Mo ní ìtàn ilé."

Ó bi Ramón, Ramón bi bàbá rẹ̀. Ọkùnrin náà na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tí ọ̀rọ̀ mi rú lójú.

Fọlákẹ́ ní, "Bàbá mi, ó ní ilé òun nìyẹn."

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú wọn ló ń sọ. Mo gbé ọwọ́ lé itan, mo ń gbọ́. Wọ́n ní ìpele ìpele ni bọ́ọ̀lù Spain. Àwọn tí ẹ̀ ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n ló wà ní ìpele kìíní. Ti àwọn àna mi wà ní ìpele kẹrin. Nínú iṣẹ́ tèmi, kòkó tó bá dé ìpele kẹrin, ẹ̀yìn ilé là ń dà á sí. Ọkùnrin yìí ń sọ ọ́ pẹ̀lú omijé lójú. Ó ní ìgbà kan wà tí wọ́n gòkè dé ìpele kẹta. Mo bi í bí wọ́n ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Ó ní sáà kan péré, wọ́n sì jábọ́ padà. Ó ní ìgbà kan wà tí ẹgbẹ́ ńlá kan wá bá wọn gbá ife, tí gbogbo ìlú tilẹ̀kùn ilé wọn wá sí pápá. Ẹgbẹ́ ńlá náà nà wọ́n ní méje sí òdo. Ṣùgbọ́n nígbà tó kù díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè, ọ̀kan nínú wọn gbá bọ́ọ̀lù kan tó lọ lu ọ̀pá ìdábùú orí góòlù àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ńlá, tó dún gbọ̀àà. Wọ́n ti yọ ọ̀pá náà. Ó wà nínú yàrá ìpàdé wọn títí di òní, wọ́n ń kùn ún ní ọ̀dà lọ́dọọdún.

Mo ní, "Bọ́ọ̀lù náà kò wọlé?"

"Kò wọlé."

"Ta ló gbá a?"

Ó dìde dúró, ó fọwọ́ lu àyà. Òun ni.

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti rí ẹni tí ń fi ohun tó ṣe yangàn, mo ti rí ẹni tí ń fi ohun tí kò ṣe yangàn. Ẹni tí ń fi ohun tó tàsé yangàn, ó di Dublin kí n tó rí i. Ìyá Ramón ń wo ilẹ̀. Mo rí i pé ó mọ ibi tí ìtàn náà ti ń yà, nítorí kí ọkọ rẹ̀ tó débẹ̀ ni ó ti di báàgì rẹ̀ mú ṣinṣin.

Ọkùnrin náà ní ẹgbẹ́ méjì ló wà ní ìlú náà tẹ́lẹ̀. Èkejì wà ní òdìkejì odò, ti àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi, aláṣọ pupa. Ní ọdún kan odò kún, ó gbé pápá wọn lọ, òpó, ìjókòó, gbogbo rẹ̀. Wọ́n wá tọrọ pé kí àwọn ará ìhín yá wọn ní pápá títí sáà náà yóò fi parí.

Mo ní, "Ẹ yá wọn?"

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó lu orúnkún Ramón. "Yá wọn kẹ̀! A ti géètì, a fi àgádágodo sí i." Ó ní bí ẹgbẹ́ pupa ṣe tú ká nìyẹn. Láti ìgbà náà, ìlú kan, ẹgbẹ́ kan. Nínú gbogbo ohun tó sọ, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti borí.

Òdìkejì odò

Èyí ni mo wá gbọ́, èyí tí n kò rí gbọ́ ní ojúlé mẹ́rin. Mo yí sí ìyá náà. Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin ń kọ́? Ṣé ìhín odò lẹ ti wá ni, àbí òdìkejì?"

Fọlákẹ́ fọwọ́ kàn mí. "Bàbá mi, ẹ rọra o."

Ramón tú u. Ọkọ ló dáhùn. Ó ní àwọn obìnrin kì í dá sí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.

Mo ní, "Ẹ sọ fún un pé òun kọ́ ni mo bi."

Obìnrin náà wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó wọlé. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan. Ramón ní, "Òdìkejì."

Díẹ̀díẹ̀ ló yọ. Bàbá obìnrin náà ni aṣọ́lé tí ń ṣọ́ góòlù ẹgbẹ́ pupa. Nígbà tí odò gbé pápá wọn, bàbá náà gba orí afárá kọjá, ó ṣí fìlà, ó lọ bẹ̀bẹ̀. Inú géètì tí wọ́n tì ni ọkọ rẹ̀ dúró sí lọ́jọ́ náà, ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ó wá fẹ́ ẹ. Obìnrin náà wọ ilé ọkọ, wọn kò dárúkọ ẹgbẹ́ pupa níbẹ̀ mọ́.

Mo yí sí ọkọ. Mo ní, "Ó dáa. Ẹ wá sọ ìtàn ti ẹgbẹ́ wọn náà fún mi."

Ó gbé èjìká sókè. "Kò ní ìtàn. Ó ti kú."

Mo mú fìlà mi. "Bẹ́ẹ̀ kọ́" ti dé ètè mi. Obìnrin wo ló fẹ́ wọ ilé tí wọ́n ti ń ti géètì mọ́ ìtàn bàbá rẹ̀? Ọmọ òdìkejì odò lásán ni wọ́n ṣe báyìí sí, èdè wọn kan náà, ṣọ́ọ̀ṣì wọn kan náà. Ọmọ tèmi ti òdìkejì òkun wá. Mo wo Fọlákẹ́, ó sì mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ó gbójú sílẹ̀. Kò bẹ̀ mí. Ó ti ṣèlérí.

Nígbà náà ni Ramón, tó ti ń ṣe ògbufọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, dá ògbufọ̀ dúró. Ó kọjú sí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tirẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ìgbòkun ọkọ̀ tó ti gbó ni àwọn ìyàwó ọlọ́kọ̀ gé rán jẹ́sì àkọ́kọ́, wọ́n sì pa á láró pupa. Ó ní tí wọ́n bá fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù nílùú mìíràn, ojú omi ni wọ́n ń gbà, ariwo àwọn tó ń wa ọkọ̀ wọn bọ̀ ni àwọn ará ilé fi ń mọ̀ bóyá wọ́n borí. Lẹ́yìn èyí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù, ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti ibi tí kálukú ń dúró sí.

Bàbá rẹ̀ ń bèèrè, "Kí ló ń sọ? Kí ló ń sọ?" Ramón ń ka orúkọ lọ.

Ìyá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n orúkọ kò nílò ògbufọ̀. Ètè rẹ̀ ń bá a lọ. Nígbà tó kan ẹni tí ń gba ọwọ́ òsì, ó gbé ìka sókè. Ó ní kì í ṣe àbúrò, ẹ̀gbọ́n ni. Ramón ní, "Ẹ̀gbọ́n ni, Màmá," ó tún un ṣe, ó ń bá a lọ títí ó fi ku aṣọ́lé. Ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló dárúkọ aṣọ́lé fúnra rẹ̀, ó sì gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀.

Mo bi Ramón pé ta ló kọ́ ọ.

Ó ní, "Màmá ni. Ní ọjọ́ Sunday, tí Papá bá ti lọ sí pápá, òun máa ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ. Èmi á jókòó tì í. Gbogbo èèyàn rò pé mi ò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù."

Bàbá náà ti gbọ́ orúkọ tó tó. Ó dìde, ó bọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ó fi fóònù pe ẹnì kan nílé láti bèèrè bí bọ́ọ̀lù wọn ti ọjọ́ náà ṣe lọ. Nígbà tó padà wọlé, kò sẹ́ni tó ní láti bi í. Wọ́n ti nà wọ́n.

Mo sọ fún wọn pé n ó mú èsì wá láàárọ̀. Fọlákẹ́ kò jẹun alẹ́. N kò sọ èsì náà fún un, nítorí òun kọ́ ni ẹni tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti Fọlákẹ́ rìn lọ sí ilé tí wọ́n wọ̀ sí. Wọ́n ti kó ẹrù síta, wọ́n ń dúró de takisí tí yóò gbé wọn lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Ramón dúró láàárín wọn, ojú rẹ̀ pọ́n. Bàbá rẹ̀ na ọwọ́ sí mi bí ọkùnrin ti ń na ọwọ́ sí ọkùnrin. Mo kọjá lára ọwọ́ náà. Ní ilẹ̀ wa a kì í kí aya kí á tó kí ọkọ, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà.

Mo dúró níwájú obìnrin náà, mo ṣí fìlà mi. Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin ni mo fún. Ọwọ́ yín ni mo fi Fọlákẹ́ lé. Òun náà ní ìtàn. Ẹ máa gbọ́ ọ nígbà tí ẹ bá ń lọ aṣọ."

Ramón tú u. Obìnrin náà di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀ síwájú, ó bi ọmọ rẹ̀ léèrè ohun kan kíákíá. Ramón fi gbólóhùn kúkúrú kan dá a lóhùn, ojú bàbá náà sì yí padà.

Nígbà tí takisí ti gbé wọn lọ, mo bi Fọlákẹ́ pé kí ni Ramón sọ fún bàbá rẹ̀.

Ó nu ojú. Ó ní, "Ó ní, 'Màmá ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.'"